Ilẹ̀ Àárín ní Sẹ̀mẹ̀

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, kò sí ilé tó fẹ̀yìn ti ilé ará àdúgbò kejì lọ́dọ̀ wa ní Sẹ̀mẹ̀, níbi tí Nàìjíríà ti bá Benin pààlà. Ọgbà tiwa yóò parí, ilẹ̀ kan yóò wà, kí ọgbà tiwọn tó bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀hún kò fẹ̀ títí. Ọmọ tó mọ eré sá lè là á já kí ẹni tó ń lé e tó mí kanlẹ̀. Yanrìn funfun ni, koríko etí òkun bò ó, àgbọn dúró káàkiri inú rẹ̀, pèrègún sì tò sí etí rẹ̀ méjèèjì. A kì í kọ́lé síbẹ̀, a kì í gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Àlejò tó bá ń kọjá lè rò pé ilẹ̀ tí kò lẹ́ni ni. Ó lẹ́ni. Ilé tiwa àti ilé tiwọn la jọ ni ín.

Ilẹ̀ àárín la máa ń pè é. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, sẹ́tíbáàkì lẹ ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ sì máa ń rò pé Òyìnbó ló kọ́ wa pé kí àyè wà láàárín ibi tí ènìyàn ń gbé àti ibi tí ẹlòmíràn ń gbé. A ti ń ṣe é tipẹ́. Àwa kàn ní bí a ṣe ń ṣe tiwa ni, òun ni mo sì fẹ́ sọ kí n tó gbàgbé.

Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí Kérésìmesì ń bọ̀ lọ́nà, àwọn àgbà ilé méjèèjì á dájọ́ fún ríro ilẹ̀ àárín. Àwa a máa ti ìdí pèrègún tiwa ro ó bọ̀, àwọn náà a máa ti ìdí tiwọn ro ó bọ̀, títí a ó fi pàdé. Ilé tó bá kọ́kọ́ dé ìdajì ti rí ohun tí yóò fi èkejì ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún yóò fi yípo. Àwọn ìyá wa á gbé gàrí àti àgbọn dé, àwọn bàbá á bu sódàbì, ọtí líle tí wọ́n gbé wá láti òdìkejì ààlà, sínú ife kékeré. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n máa ń gun àwọn àgbọn inú ilẹ̀ àárín, wọ́n á pín in ní dọ́gbadọ́gba. Láìjẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gùn ún. Àmọ́ èyí tó bá já fúnra rẹ̀, ti ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ni. Ẹ ò mọ bí ìyẹn ṣe ń jẹ́ kí ọmọdé tètè jí lówùúrọ̀ bí ìjì bá jà lóru.

Mo rántí ọjọ́ tí bàbá mi mú mi dání láti lọ rọ́pò pèrègún kan tí iná sun. Wọ́n gé ẹ̀ka tó gùn tó ọwọ́ wọn, wọ́n dá a dùbúlẹ̀ sórí yanrìn, wọ́n ní kí n gbẹ́ ihò. Nígbà tí ihò jìn dé orúnkún mi, mo bá èédú pàdé, mo bá àfọ́kù ìkòkò. Mo fẹ́ kó wọn dànù. Wọ́n gbá mi lọ́wọ́ mú. Wọ́n ní bàbá àwọn ló kó wọn síbẹ̀: iná lè jó pèrègún, ẹni ibi lè hú u lóru kó lọ gbìn ín síwájú, ṣùgbọ́n èédú kì í jẹrà, kò sì sí ẹni tó máa rántí gbé e tẹ̀ lé igi tó jí. Wọ́n ké sí ọ̀kan nínú àwọn àgbà ilé kejì kó wá wo inú ihò ọ̀hún, ó wò ó, ó mi orí, wọ́n sì gbin pèrègún tuntun sí i lójú àwọn méjèèjì. Kò sí ìwé, kò sí fọ́tò.

Ìlò mìíràn wà tí a ń lo ilẹ̀ yìí. Bí gbólóhùn asọ̀ bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín ilé wa àti ilé wọn, ibẹ̀ ni àwọn àgbà ń gbé ìjókòó sí. Wọn kì í lọ sílé ẹnikẹ́ni, torí ẹni tí a bá lọ bá nínú àgbàlá rẹ̀ ti ga ju ẹni tó wá bá a lọ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ní etí òkun náà, àyè ń bẹ. Ìyẹn tilẹ̀ nídìí tí ojú lè rí. Àwọn Ẹ̀gùn ará wa ń pẹja níbẹ̀, àwọn Kẹ́ta tó wá láti Gánà náà pa àgọ́ síbẹ̀, àwọ̀n ńlá tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi okùn fà wálẹ̀ ni wọ́n sì ń lò. Omi òkun ọ̀dọ̀ wa máa ń fà lọ sí ìlà-oòrùn. Àwọ̀n tí o bá jù sílẹ̀ níwájú àgọ́ rẹ kò ní gúnlẹ̀ níwájú àgọ́ rẹ. Bí ẹ ṣe ń fà á lẹ ó máa rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ sápá ìlà-oòrùn, orin lẹ́nu, ẹsẹ̀ nínú yanrìn. Bí àgọ́ mìíràn bá wà nítòsí lápá ibẹ̀, àwọ̀n tiyín á lọ́ mọ́ tiwọn, ẹja á sọnù, ìjà á dé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi etíkun sílẹ̀ láàárín àgọ́ àti àgọ́, wọ́n á sì fi púpọ̀ sílẹ̀ ní ìlà-oòrùn ju ti ìwọ̀-oòrùn lọ. Mo ti rí máàpù tí wọ́n fa irú àyè bẹ́ẹ̀ sí lọ́gbọọgba ní ìhà méjèèjì. Ẹni tó yà á kò fa àwọ̀n rí.

Ààlà tó wá tóbi ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, àwọn àjèjì ló fà á. Ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lórí ibi tí ilẹ̀ àwọn yóò pín sí ní ìhà wa, ọdún 1906 ni wọ́n sì tún un kọ sílẹ̀ kó lè ṣe kedere. Ìlà tó wà lórí bébà kò ní ìbú. Ìdí nìyẹn tó fi lè gba àárín ẹbí kọjá láìjẹ́ pé ẹni tó fà á mọ̀. Ìyá mi, Kraké ní òdìkejì ìlà náà ni àwọn ará ilé wọn wà. Bí òkú bá sùn níbẹ̀, a ó dìde lọ. Èdè Ẹ̀gùn kan náà la ń sọ, orò kan náà la ń ṣe, àfi pé owó tí a fi ń ra ọtí níbẹ̀ yàtọ̀.

Sẹ̀mẹ̀ ìgbà yẹn kì í ṣe ẹnubodè bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Ẹni tó bá ń lọ sí Èkó, ọkọ̀ ojú omi ló ń wọ̀ lórí ọ̀sà láti Àgbádárìgì. Ìdí-Ìrókò ni mọ́tò tó ń lọ sí Dahomey ń gbà. Ó ní ohun kan tó máa ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí mi ò jẹ́ gbàgbé: Faransé ní kí awakọ̀ gba ọ̀tún, Gẹ̀ẹ́sì ní kó gba òsì, nítorí náà ẹnubodè náà ni ọkọ̀ ti gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ọwọ́. Ẹ wá rí i bí gbogbo wọn ṣe ń rọra, tí wọ́n ń fun fèrè, tí wọ́n ń wojú ara wọn. Kò lè ṣeé ṣe ká ní kò sí àyè díẹ̀ láàárín ibi tí òfin kan parí sí àti ibi tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà náà bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, eré yẹn sì parí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni owó epo rọ̀bì dé, wọ́n sì la ọ̀nà márosẹ̀ láti Èkó wá bá wa. Wọ́n kọ́ Festac Town sí ẹ̀bá ọ̀nà náà fún àjọ̀dún àṣà tó wáyé ní ọdún 1977. Dahomey ti di Benin ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 1975. Láàárín ìgbà díẹ̀, Sẹ̀mẹ̀ gba ipò lọ́wọ́ Ìdí-Ìrókò. Ilẹ̀ tí a ń sá eré lórí rẹ̀ di ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń gbé owó wá béèrè láti Èkó, láti Ọ̀ǹdó, láti Onítsha.

Ní oṣù kẹta ọdún 1978, ìjọba ológun gbé òfin ilẹ̀ jáde pé ìkáwọ́ gómìnà ni gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. Bí ìròyìn ọ̀hún ṣe dé abúlé wa ni pé ilẹ̀ tó bá ṣófo, ìjọba á gbà á. Kò sẹ́ni tó ka òfin náà fún wa. Ohun tí etí gbọ́ ni ọwọ́ ṣe. Àwọn ẹbí tó ti ń fi ilẹ̀ àárín sílẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ búkà sórí rẹ̀ kí wọ́n lè sọ pé ilé wà níbẹ̀. Ilé kejì náà kò ní fọwọ́ lẹ́rán. Wọ́n kọ́ tiwọn láti òdìkejì. Lọ́jọ́ tí ògiri àwọn méjèèjì fi kanra, ríro pa pọ̀ tán, pípín àgbọn tán. Àwọn pèrègún kan ṣì wà nínú àgbàlá àwọn ènìyàn tí wọn ò mọ̀ pé ààlà ni.

Iṣẹ́ ṣéènì ni mo fi jẹun. Bí ẹ bá ti rí àwọn tó ń fa irin gígùn tẹ̀ lé sọ́fẹ̀yọ̀ nínú igbó, ọ̀kan nínú wọn ni mo jẹ́. Ṣéènì kan, ẹsẹ̀ bàtà 66 ni. Ọ̀gá wa jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá tó fẹ́ràn ìwé ju oúnjẹ lọ, bí a bá sì ti jókòó lábẹ́ igi láti sinmi, ìtàn ilẹ̀ ló máa ń sọ. Ẹnu wọn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa ilẹ̀ àárín ti àwọn Òyìnbó.

Ní ọdún 1917, nígbà tí Lugard ń ṣàkóso Nàìjíríà, òfin kan jáde lórí àwọn ìlú ńlá. Wọ́n ní kí agbègbè tí Òyìnbó ń gbé jìnnà sí ti aláwọ̀ dúdú ní yáàdì 440, kí ẹnikẹ́ni má kọ́ ilé sáàárín. Ẹ̀fọn ló fa yáàdì 440 yìí. Ronald Ross, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, ti rí i ní Íńdíà ní ọdún 1897 pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà káàkiri. Àwọn onímọ̀ wọn wá sọ pé ara àwọn ọmọ wa ni ẹ̀fọn ti ń kó ibà, àti pé kò lè fò jìnnà tó bẹ́ẹ̀ lóru. Ní Freetown, ní Sierra Leone, wọ́n ti gun orí òkè lọ kọ́ Hill Station fún àwọn Òyìnbó, wọ́n sì ṣe ọkọ̀ ojú irin tirẹ̀ fún un ní 1904. Èkó ní gómìnà kan láyé ìgbà náà, William MacGregor, dókítà ni fúnra rẹ̀, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n pín egbòogi kuníìnì fún gbogbo ènìyàn, kí wọ́n dí àbàtà, dípò kí wọ́n máa ya ènìyàn sọ́tọ̀. Kò pẹ́ tó fi lọ. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé kànáàlì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ló wá ya Ìkòyí àwọn Òyìnbó kúrò lára Èkó.

Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá mi pé àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ńkọ́? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ń sùn ní ẹ̀yìn ilé Òyìnbó, ẹ̀fọn kò ní láti fò rárá.

N kò yin ilẹ̀ àárín irú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ó pẹ́ kó tó dí, torí pé ẹni tó fẹ́ ẹ ń gbé létí rẹ̀, ó ń fi ojú rẹ̀ wò ó láràárọ̀, ó sì ní ọlọ́pàá. Bí àwọn tó ń ṣọ́ ọ ti lọ, ó dí.

Òfin ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ní tirẹ̀ ní kí a fi mítà 45.72 sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan láti àárín ọ̀nà. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn dẹ́rù bà yín. Ẹsẹ̀ bàtà 150 ayé àtijọ́ ni wọ́n wọ aṣọ tuntun fún. Èmi pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ri bíkìn púpọ̀ mọ́lẹ̀ lórí irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Mo sì ti wo bí ilẹ̀ náà ṣe ń dí ní Sẹ̀mẹ̀, kò yí padà rí. Agboòrùn ló máa ń kọ́kọ́ dé, obìnrin kan jókòó lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú kéèkì àti omi tútù, tàbí ọkùnrin kan tó di owó séfà àti náírà mọ́wọ́. Bẹ́ǹṣì á dé. Tapólì á dé, torí òjò. Lẹ́yìn náà tábìlì tó ní ẹsẹ̀ nínú ilẹ̀. Ẹnì kan á wá máa gba owó ìjókòó lọ́wọ́ wọn, á sì fún wọn ní rìsíìtì. Ọjọ́ tí rìsíìtì bá ti wọlé, ọkàn balẹ̀ nìyẹn. Kọ̀ǹténà á dé, búlọ́ọ̀kù á tẹ̀ lé e. Ọdún á kọjá, ẹnì kan á fi ọ̀dà pupa kọ àmì sí ògiri, katapílà á dé. Ẹkún á sọ. Bí katapílà bá ti yí ẹ̀yìn padà, agboòrùn ti dé.

Ẹni tó bá sọ pé olórí kunkun ni àwọn ará ibí kò tíì jókòó sí Sẹ̀mẹ̀. Ilẹ̀ tí ìjọba fi sílẹ̀ níbẹ̀ kò ní ẹni tó ń ro ó, kò ní ẹni tó ń jẹ èso rẹ̀, kò ní ẹni tó ń jókòó sínú rẹ̀ yanjú ọ̀rọ̀. Inú fáìlì nìkan ló ti lẹ́ni.

Ti ẹnubodè fúnra rẹ̀ tún le ju ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ, torí pé ìbú rẹ̀ máa ń yí padà lójijì. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1979, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ síwèé ní Dakar pé ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lè wọ orílẹ̀-èdè mìíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. A yọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1984, ìjọba ológun ti ẹnubodè pa nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó náírà, ó di oṣù kẹta ọdún 1986 kí wọ́n tó ṣí i. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ìsìnkú ṣì wà, ìgbéyàwó ṣì wà. Ẹ ò ní bi mí bí a ṣe ń lọ.

Ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2018 ni Ààrẹ Buhari ti Nàìjíríà àti Ààrẹ Talon ti Benin jọ ṣí ilé iṣẹ́ ẹnubodè tuntun tí wọ́n ń pè ní Sẹ̀mẹ̀-Kraké. Inú mi dùn sí ilé yẹn, n kò ní purọ́. Aṣọ́bodè Nàìjíríà àti ti Benin lábẹ́ òrùlé kan, kí arìnrìn-àjò lè parí ọ̀rọ̀ ìwé rẹ̀ níbi kan ṣoṣo. Ó jọ ilẹ̀ àárín tiwa ju ohunkóhun tí ìjọba ti ṣe níbí lọ: ibi tí ẹni méjì jọ ń lò, tí wọ́n sì jọ ń ṣọ́. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè mọ́ ẹrù. Ọjọ́ 16 oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé kí wọ́n ṣí Sẹ̀mẹ̀ padà.

Láàárín ìtìpa yẹn ni wọ́n tún fi ìbú mìíràn kún un. Ní ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá ọdún 2019, àṣẹ jáde pé kí ẹnikẹ́ni má gbé epo pẹtiróòlù lọ sí ilé epo tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Mo mọ ohun tó fà á. Ẹni tó bá ti rí alùpùpù tó gbé jálá kpayo, ìyẹn epo fàyàwọ́, yí ara rẹ̀ ká bí adìyẹ tó ń sàba kò ní béèrè. Epo tiwa dínwó nígbà yẹn, tiwọn wọ́n, ọmọ fàyàwọ́ sì mọ ìṣirò. Ṣùgbọ́n Àgbádárìgì fúnra rẹ̀ kò tó kìlómítà 20 sí Sẹ̀mẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ńpáàsì yí po lórí máàpù yẹn ní ọjà nínú, ó ní ilé ìwé, ó ní ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́, ó ní ọkọ̀ ojú omi tó ń fi ẹ́ńjìnnì rìn. Bàbá mi fi ìṣísẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ láàárín ilé méjì, wọ́n sì bi ilé kejì kí wọ́n tó ṣe é.

Ní báyìí, ọ̀nà mìíràn ń bọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2014, Côte d'Ivoire, Gánà, Tógò, Benin àti Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn ọ̀nà ńlá láti Abidjan dé Èkó, kìlómítà 1,028, ọ̀dọ̀ wa níbí ni yóò sì gbà wọ Nàìjíríà. Ọ̀nà tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ á ní ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ tó fẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ètò ìlú wá kí mi lórí ọ̀rọ̀ náà, ọmọ tó mọ àgbà ni, ó dọ̀bálẹ̀ kó tó tẹ́ máàpù sílẹ̀. Ó ti kun ilẹ̀ àárín ní àwọ̀ ewé, ó rẹwà. Mo ní, "Ọmọ mi, ta ni yóò máa ro ó?" Ó ní ìjọba. Mo ní kí ó mú ìjọba wá kí n rí ọkọ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ohun tí mo sọ fún un ni pé kí wọ́n gbin àgbọn síbẹ̀, kí wọ́n pín in fún àwọn ilé tó bá a pààlà, márùn-ún márùn-ún, kí orúkọ onílé wà nínú ìwé pẹ̀lú àṣẹ pé èso nìkan ló ni, kì í ṣe ilẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ mú ọ̀nà fẹ̀ sí i lọ́la ńkọ́? Mo ní kí wọ́n sanwó àgbọn, kò tó owó ilé alájà. Ó ní àgbọn máa ń pẹ́ kó tó so. Òótọ́ ni, irú ti àtijọ́ lè gbà tó ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń retí àgbọn tirẹ̀ fún ọdún mẹ́fà kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já búlọ́ọ̀kù sídìí rẹ̀, kò ní dúró de ọ̀dà pupa. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá béèrè bóyá àwọn ará Kraké náà yóò ní ìpín, níwọ̀n bí ilẹ̀ wọn ti bá tiwa pààlà. Mo ní ìyẹn ni kó lọ bá wọn sọ kí wọ́n tó gbé ṣéènì jáde.